Ejò Méjì Tó Ń Rìn Pọ̀: Ẹ Yéé Ka TB àti HIV Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Ìjà ni mo gbé wá lónìí, ó sì gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì 37 ní Peckham lè máa kà á lọ, ó ṣeé ṣe kó dé Clapham kó tó parí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ìṣirò ṣe PhD lórí àrùn, ṣé ìdọ́gba ló máa wo ikọ́ sàn ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìdáhùn tí mo ní máa dun àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń ṣe ìṣirò ju bó ṣe máa dun ẹ̀gbọ́n lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Ìdọ́gba kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Iṣẹ́ tó lè ṣe ni pé kó fi ibi tí a ti ń tan ara wa hàn. Nínú ọ̀rọ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìyẹn TB, àti kòkòrò HIV nílẹ̀ wa, ẹ̀tàn tó tóbi jù ni pé à ń kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ara kan náà ni wọ́n ń gbé, jàre. Lára ẹni kan náà, lọ́jọ́ kan náà, ló yẹ ká ti máa kà wọ́n. Awòṣe tí a bá kọ́ láìṣe bẹ́ẹ̀, ilé orí iyanrìn ni, bó ti wù kí ìṣirò inú ẹ̀ le tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn méjèèjì ń ṣe fún ara wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin láyé ni kòkòrò TB ti wọ̀ lára. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ṣe ló sùn: wọn kì í wúkọ́, òógùn kì í bò wọ́n lóru, wọn ò sì lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Nínú 100 irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ tí ara wọn le, bíi 5 sí 10 ni TB náà máa jí mọ́ lára ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Ó dáa. Ẹ wá mú HIV tí a kò tọ́jú wọ inú ara kan náà. Ewu yẹn á di nǹkan bí 10 nínú 100 lọ́dún kan ṣoṣo. Lọ́dún kan o! HIV ló ń jí TB lójú oorun. TB tó bá sì jí, òun ló ń pa àwọn tó ní HIV jù lọ láyé.

Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, ta ni yóò dúró? Àwọn àrùn wọ̀nyí ti gbọ́ òwe yẹn, wọ́n sì ń rìn pọ̀. Àwa tó yẹ ká pa wọ́n la ò rìn pọ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí à ń ṣe hàn yín, torí ọ̀pọ̀ yín rò pé idán ni. A máa ń pín gbogbo ará ìlú sínú àpótí. Fún TB, ẹ jẹ́ ká ní àpótí mẹ́rin: ẹni tí kòkòrò náà kò tíì wọ̀ lára, ẹni tó sùn sí lára, ẹni tó ń wúkọ́, àti ẹni tó ti lo oògùn tí ara ẹ̀ sì ti yá. Fún HIV, mẹ́ta: ẹni tí kò ní in, ẹni tó ní in tí kò lo oògùn, ẹni tó ní in tó ń lo oògùn. Ẹni tó bá ń ka àrùn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ máa ní àpótí 7 lòun ní. Rárá o. Kò sí bí èèyàn ṣe máa wà nínú àpótí TB kan tí kò ní sí nínú ọ̀kan nínú ti HIV. Ẹ sọ 4 di ìlọ́po 3, àpótí 12 ni. Ọfà wà láàárín wọn, ọfà kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye tirẹ̀: lọ́dún kan, èèyàn mélòó nínú 100 ló ń kúrò nínú àpótí yìí bọ́ sínú ìyẹn? Ọfà tó gba ọ̀dọ̀ "ó sùn" lọ sọ́dọ̀ "ó ń wúkọ́" kò ní iye kan náà fún ẹni tí kò ní HIV, fún ẹni tó ní in tí kò lo oògùn, àti fún ẹni tó ń lò ó. Gbogbo gíráàfù tó ń dán tẹ́ ẹ máa ń rí, orí iye àwọn ọfà yẹn ló dúró lé.

Láti inú wọn la ti ń rí nọ́ńbà kan tí à ń pè ní R0: bí ẹnì kan tó ní àrùn bá wọ ìlú tí kò sí ẹni tó tíì ní in, èèyàn mélòó ló máa kó o ràn? Tó bá ju 1 lọ, àrùn á máa tàn. Tí kò bá tó 1, á máa kú lọ. Ohun tí awòṣe àrùn méjì ń kọ́ wa ni pé TB tí ì bá máa kú lọ fúnra ẹ̀ ní ìlú kan lè di èyí tó ń tàn nítorí pé HIV ti dá àyè sílẹ̀ fún un. Oluwaseun Sharomi àti Abba Gumel, ọmọ Nàìjíríà méjèèjì, wà lára àwọn tó kọ irú ìṣirò TB àti HIV bẹ́ẹ̀ jáde ní 2008. Nítorí náà kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé ọgbọ́n ò sí nílé. Ọgbọ́n wà. Iye tí a máa fi sí orí àwọn ọfà yẹn gan-an ni wàhálà.

Ẹ ò ní gbàgbọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ni iṣẹ́ yìí ti ta gbòǹgbò. Ronald Ross, dókítà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902 nítorí pé ó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn, wá sí Freetown ní 1899. Ó padà lọ ní 1901, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ McKendrick sì bá a lọ. McKendrick yìí kan náà ló wá kọ ìṣirò bí àrùn ṣe ń tàn jáde pẹ̀lú Kermack ní 1927, èyí tí gbogbo wa ṣì ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ PhD wa. Lẹ́yìn náà Garki dé. Láàárín 1969 sí 1976, WHO àti ìjọba Nàìjíríà wọ àwọn abúlé Garki, ní Kano ìgbà yẹn, tó ti di Jigawa báyìí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ará abúlé léraléra, wọ́n ka iye ẹ̀fọn tó ń jẹ èèyàn lóru, wọ́n fín oògùn sára ògiri, wọ́n pín oògùn ibà fún gbogbo èèyàn. Ibà kò kúrò níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n awòṣe tí Dietz, Molineaux àti Thomas kọ jáde ní 1974 látinú iṣẹ́ yẹn, àwọn èèyàn ṣì ń kà á dòní, wọ́n sì ń lo iye inú ẹ̀. Kí ló mú kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹnìkan dìde láàárín òru lọ ka ẹ̀fọn ni. Kò sí ohun méjì.

Ti àrùn méjì náà ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Ní 2006, Abu-Raddad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìṣirò ibà àti HIV ní Kisumu, Kenya, jáde. Ìlú tí àgbàlagbà ibẹ̀ tó bí 200,000. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé láti 1980, bí àrùn méjèèjì ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ lè ti dá èèyàn 8,500 kún àwọn tó kó HIV, ó sì lè ti fi ibà ìgbà 980,000 kún tàtẹ̀yìnwá. Ẹni tó bá ka HIV nìkan kò ní rí 8,500 yẹn. Ẹni tó bá ka ibà nìkan kò ní mọ ibi tí èyí tó kù ti wá. Àárín méjèèjì ló fara pamọ́ sí.

Ó yá, ẹ bá mi wá sílé wàyí, ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n wá jókòó kà dáadáa.

Ti TB àkọ́kọ́. Ní 2012, Nàìjíríà ṣe ìwádìí TB àkọ́kọ́ tó kárí orílẹ̀-èdè: wọ́n ya fọ́tò àyà èèyàn, wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn. Nígbà tí èsì jáde, iye tí WHO ń fojú bù tẹ́lẹ̀ ní láti fò sókè ju ìlọ́po méjì lọ. Kì í ṣe pé TB ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ti wà níbẹ̀, a ò kà á ni.

Ti HIV ńkọ́? Ní 2018 wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní NAIIS, wọ́n wọ ilé tó tó nǹkan bí 100,000. Ní oṣù Kẹta 2019 èsì jáde: nínú 100 èèyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, 1.4 ló ní HIV. Iye tí gbogbo ayé ń lò tẹ́lẹ̀ ni 2.8. Ó já sí ìdajì géérégé! Ó tún hàn pé ìdá náà kò rí bákan náà káàkiri: South South 3.1, Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù tiwa 1.1, Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn 0.6.

Ẹ rí i báyìí? TB tí à ń pè ní kékeré ju ìlọ́po méjì lọ. HIV tí à ń pè ní ńlá jẹ́ ìdajì. Ẹni tó kọ awòṣe àrùn méjèèjì kí wọ́n tó kà wọ́n, iye méjì tó wọ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé, "Ṣebí wọ́n á pa ara wọn rẹ́ nínú ìṣirò." Ẹ gbọ́ mi o: àṣìṣe méjì lè pa ara wọn rẹ́ lórí pépà. Lójú ọ̀nà, wọ́n máa di oògùn TB tí kò tó ìdajì ohun tí ìlú nílò, àti owó HIV tí a gbé lọ síbi tí àrùn náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀kan. Ní 2018, àwọn tí wọ́n rí tí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọ́n ní TB ní Nàìjíríà lé díẹ̀ ní 100,000. Ní 2022, wọ́n ti lé ní 280,000. Ẹni tó jókòó sí London tó rí ìlà yẹn lórí gíráàfù lè pariwo pé àjàkálẹ̀ dé. Rárá o, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló lọ wá wọn ní ọjà, ní ilé ìtajà oògùn, ní ilé ìwòsàn aládàáni. Síbẹ̀, WHO ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 480,000 ló ní in lọ́dún 2022 yẹn. Àwọn yòókù dà? Wọ́n wà nínú dánfó, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń wúkọ́. Èwo nínú wọn ló ní HIV pẹ̀lú? Ẹni tí a kò tíì rí, ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?

Báyìí, mo kọjú sí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ ṣí èyí tó bá wù yín nínú àwọn iṣẹ́ àrùn méjì tí à ń pín kiri tí a ń kí ara wa kú oríire lórí ẹ̀. Ẹ lọ tààrà sí àtẹ tí wọ́n kọ iye sí. Ẹ máa rí ọ̀rọ̀ kan níwájú ọfà tó ṣe pàtàkì jù: "assumed". Ìyẹn ni pé a jókòó, a sì fọwọ́ bù ú. TB àti HIV, ibà àti kọ́lẹ́rà, ibà àti Kòfíìdì: a kàn ń so àrùn pọ̀ bí ẹni ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, a kọ ìdọ́gba 12, a fi ẹ̀rí hàn pé ó dúró ṣinṣin, a gbé e jáde, a gba oyè. Èwo ló dé ilé ìwòsàn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀, n ò pè yín ní ọ̀lẹ o. Mo mọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ tó le lè jẹ́ iṣẹ́ tí kò wúlò.

Ẹnìkan máa dá mi lóhùn pé awòṣe tí kò ní iye tòótọ́ ṣì wúlò, torí ó ń sọ èwo nínú àwọn ọfà ló ń da gbogbo nǹkan rú jù. Òótọ́ ni, mo gbà. Bí ọfà "ó sùn" sí "ó ń wúkọ́" bá yí díẹ̀, gbogbo ìlú á yí. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dákun, tí awòṣe bá ti nawọ́ sí ọfà kan pé "ẹ lọ ka èyí," kí ló dé tí iṣẹ́ wa tó kàn fi máa ń jẹ́ awòṣe mìíràn? Ẹ bá ẹni tó wà ní ilé ìwòsàn TB ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ iṣẹ́ yín, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ níbi ọpẹ́, àárín àwọn tó kọ ọ́ ni. Ẹni tó ka kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀run ìjọba ìṣirò ju ẹni tó kọ ìdọ́gba lọ.

Pé ó ṣeé ṣe, Abidjan ti fi hàn. Ìwádìí TEMPRANO tó jáde ní 2015 tọ́jú èèyàn tó lé ní 2,000 tó ní HIV níbẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn HIV lójú ẹsẹ̀, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn oṣù mẹ́fà tó ń pa TB tó sùn, wọ́n fún àwọn kan ní méjèèjì. Oògùn HIV tó tètè bẹ̀rẹ̀ dín àìsàn ńlá kù, oògùn TB náà sì dín in kù lọ́tọ̀ tirẹ̀. Ara kan, ìwé kan, ojú kan tó ń wo àrùn méjèèjì. Àwọn aládùúgbò wa ló ṣe é.

Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé àwa tí a wà níbí. Gbogbo wa pátá la mọ ẹ́síréè àyà tí wọ́n ya fún wa nílé kí wọ́n tó fún wa ní físà. Ẹ́síréè yẹn ń wá TB tó ti jí. Èyí tó sùn, kò rí i. HIV, wọn ò béèrè. A sì gbé ìwé náà dání dé Heathrow, a rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní 2024, àwọn tó ní TB ní England lé ní 5,400, ó pọ̀ ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn ni kò sì bí síbí. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o. Èyí tó sùn ló jí, nínú yàrá tí ògiri ẹ̀ rin, tí èèyàn mẹ́rin ń sùn sí, tí oúnjẹ àti oorun kò tó.

Láti yàrá mi ní East Dulwich, mo lè fẹsẹ̀ rìn dé King's College Hospital ní Denmark Hill. Láti oṣù Kẹrin 2022, tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà ní ẹ̀ka pàjáwìrì àwọn ilé ìwòsàn London, wọ́n máa ń yẹ HIV wò nínú ẹ̀ àyàfi tó bá ní òun kò fẹ́, wọ́n sì ń fi àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C kún un. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kan, àrùn mẹ́ta. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nílé gan-an nìyẹn, ó sì ń ṣẹlẹ̀ ní ìdí ilé wa. Lambeth àti Southwark tí à ń gbé yìí wà lára ibi tí HIV ti pọ̀ jù ní gbogbo England, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì.

GP pẹ̀lú máa ń kọ lẹ́tà ní àwọn àdúgbò tí TB ti pọ̀: ẹni ọdún 16 sí 35, tó dé láti ilẹ̀ bíi tiwa láàárín ọdún márùn-ún, kó wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún TB tó sùn. Kí là ń fi lẹ́tà náà ṣe? À ń tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ tìmùtìmù. "Home Office ló rán wọn." "Wọ́n fẹ́ dá wa padà." Ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ìtọ́jú TB nílẹ̀ yìí, ìwé yòówù kó ní tàbí kó máà ní. Ìtọ́jú HIV náà ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ẹni tó wà ní England láti oṣù Kẹwàá 2012. Oògùn TB tó sùn jẹ́ oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, ó parí. Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ, ẹ ṣe ti HIV pẹ̀lú lọ́jọ́ kan náà, torí oògùn gan-an mọ̀ pé wọ́n jọ wà nínú ara kan: rifampicin tí à ń lò fún TB máa ń jẹ́ kí dolutegravir tí à ń lò fún HIV tètè pòórá nínú ẹ̀jẹ̀, dókítà sì máa ń ní láti sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Dókítà tí kò mọ ìkejì kò lè wo ìkínní dáadáa. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ètè ni méjèèjì.

Ìdí tí mi ò fi lè dákẹ́ lásìkò yìí nìyí. Ní oṣù Kìíní 2025, Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró. Ní oṣù Kejì, ìjọba ibi tí à ń gbé yìí náà kéde pé òun máa gé tòun láti 0.5 sí 0.3 nínú 100 owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè yìí, kó tó di 2027. Ọ̀pọ̀ oògùn HIV tí àwọn èèyàn wa ń lò nílé, owó ìta ló ń rà á láti ọdún pípẹ́. Ẹnìkan máa jókòó sí ọ́fíìsì kan láti pinnu ohun tó máa gé, á sì ṣí awòṣe. Tí awòṣe yẹn bá ka HIV lọ́tọ̀, á sọ fún un pé tó bá dín oògùn HIV kù, owó báyìí ló máa fi pamọ́. Kò ní sọ fún un pé TB tó sùn lára àwọn èèyàn yẹn máa bẹ̀rẹ̀ sí í jí, pé ẹni tó ń wúkọ́ kì í béèrè HIV kó tó wúkọ́ sójú ọmọ aládùúgbò. Owó tó rò pé òun fi pamọ́ nínú àpótí kan á jáde ní ìlọ́po nínú òmíràn. Awòṣe tó ka méjèèjì pọ̀, tí iye orí ọfà ẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kà lára èèyàn ní Ìjẹ̀bú àti Makurdi, lè sọ ọ́ fún un kó tó fọwọ́ sí ìwé. Èyí tó kún fún "assumed", ẹni tó fẹ́ gé owó á kàn rẹ́rìn-ín sí i ni.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ìdáhùn yín rèé. Ìdọ́gba kò lè wo ikọ́ sàn. Ó lè gbèjà ẹni tó ń wúkọ́ níwájú àwọn tó di àpò owó mú, tó bá jẹ́ pé a ti ka ẹni náà, tí a sì mọ gbogbo ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀yin oníṣirò, ẹ lọ kà. Ẹ̀yin tí lẹ́tà wà lábẹ́ tìmùtìmù yín, ẹ yọ ọ́ jáde lónìí, ẹ pe GP yín láàárọ̀ ọ̀la. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, àyè wà nísàlẹ̀, mo ti ń se ẹ̀wà, mi ò ní ibì kankan í lọ.